Ta ni ká mú wọlé? Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún láti tún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ṣe kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀

Líìgì kì í tíì parí tán tí ariwo á ti sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá Charles-de-Gaulle ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Bẹ̀nẹ̀: ẹ wá ọwọ́ iwájú fún wa! Ọdọọdún ni. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n bí ẹni ń mu omi ń wá ọwọ́ iwájú, èyí tí kò rí àwọ̀n láti oṣù mẹ́ta náà ń wá a. Mi ò bá ará ìlú jà. Ẹni tó bá sanwó wọlé lẹ́tọ̀ọ́ láti pariwo. Ṣùgbọ́n alága tó di àpò owó mú, àti kóòṣì tí wọn yóò lé lọ bí nǹkan bá bàjẹ́, kò yẹ kí wọ́n fi ariwo ra èèyàn.

Àwọn ni mo kọ èyí fún, pàápàá jù lọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ìbáà jẹ́ ní Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ló wà níwájú yín: kí ẹ mú àgbà agbábọ́ọ̀lù wá láti Nàìjíríà, kí ẹ yá èèyàn lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó jù yín lọ, kí ẹ gbé ọmọ ilé sókè, kí ẹ pe ọmọ wa tó ti rìn jìnnà padà wálé, tàbí kí ẹ má mú ẹnikẹ́ni rárá. Mo ní èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò

Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ ìdíje sáà tó parí sí. Bí kò bá sí, ẹ pe akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ẹ sì jókòó ṣe é fúnra yín. Ẹ má wo ẹni tó gbá a sáwọ̀n. Ìṣẹ́jú ni kí ẹ wò. Ẹ pín ìdíje kọ̀ọ̀kan sí ọ̀nà mẹ́fà, ìṣẹ́jú 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ gọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá wọlé yín sábẹ́ àkókò tó wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ̀nà tó gbà wọlé: ṣé kọ́nà ni, ṣé firikíìkì, ṣé wọ́n gba ẹ̀yìn apá òsì wọlé ni, àbí aṣọ́lé ló já a jù sílẹ̀?

Ká ní ohun tí ẹ rí nìyí: gọ́ọ̀lù 28 ló wọlé yín ní sáà kan. Nínú wọn, 11 wọlé lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75. Nínú 11 yẹn, méje gba apá òsì. Ẹgbẹ́ yìí kò nílò ọwọ́ iwájú. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn apá òsì ti ń rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè rọ́pò rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo ohun tó ń gba pọ́ìntì lọ́wọ́ wọn kò ju ìyẹn lọ. Bí gọ́ọ̀lù bá sì pọ̀ ní ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, pàápàá nígbà tí ẹ bá rìnrìn àjò, ẹ wo aago tí ọkọ̀ ń gbéra kí ẹ tó wo agbábọ́ọ̀lù. Láti Kútọnu sí Párákù nìkan lé ní 400 kìlómítà. Ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ láti ìdájí tó sì sáré wọ pápá nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń sùn.

Àwọn Guépards, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, fi èyí hàn wá lẹ́ẹ̀mejì. Ní ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà 2019 ní Íjíbítì, a gbá ọ̀mì méjì-méjì pẹ̀lú Gánà, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Guinea-Bissau, ọ̀mì òdo pẹ̀lú Kamẹrúùnù, a tún gbá ọ̀mì kan-kan pẹ̀lú Mòrókò kí a tó fi pẹ̀nálítì lé wọn lọ sílé. A dé ìpele àwọn mẹ́jọ láìborí ẹnikẹ́ni láàárín 90 ìṣẹ́jú. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló gbé wa débẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 2025 ẹ̀wẹ̀, a lọ sí Uyo nígbà tí àwa la wà lókè ìsọ̀rí wa nínú ìdíje ìwọlé sí ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Nàìjíríà gbá mẹ́rin wọlé wa, a ò sì rí ọ̀kan dá padà. Osimhen nìkan gbá mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, kí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ? Wọ́n ní a ò ní ọwọ́ iwájú. Mẹ́rin wọlé, wọ́n ní ọwọ́ iwájú!

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni mo máa ń fi wọn agbábọ́ọ̀lù tuntun. Àkọ́kọ́ ni owó, gbogbo owó rẹ̀, kì í ṣe owó oṣù nìkan. Èkejì ni ìdánilójú: ṣé yóò wà lórí pápá títí sáà yóò fi parí? Ẹ̀kẹta, ṣé ó bá ẹgbẹ́ mu, ní èdè, ní ara, ní bí kóòṣì ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ̀kẹrin, tó bá lọ, kí ni yóò fi sílẹ̀ fún wa?

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni mo fẹ́ tú díẹ̀. Ká ní ìràwọ̀ kan ní kí ẹ máa san 400,000 sẹ́fà fún òun lóṣù. Oṣù mẹ́wàá jẹ́ 4,000,000. Ó tún gba 1,500,000 kó tó fọwọ́ sí ìwé. Yàrá tó ń sùn sí jẹ́ 40,000 lóṣù, ìyẹn 400,000. Ó ti di 5,900,000, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ìborí àti oògùn. Ẹ wá wo ọ̀nà kejì: agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta ní 120,000 lóṣù, 3,600,000 ni fún oṣù mẹ́wàá. Ẹ gba yàrá 40,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọ 4,800,000. Ó ṣì ku 1,100,000 lọ́wọ́ yín. Èèyàn mẹ́ta rèé, owó sì tún kù. Kí ẹ sì rántí pé 52,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Bẹ̀nẹ̀ là kalẹ̀ láti 2023, nítorí náà 120,000 kì í ṣe owó yẹ̀yẹ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gbé ní Kétu.

Àgbà agbábọ́ọ̀lù láti òdìkejì ààlà

Àjàṣẹ́ àti Kétu ní ohun tí Natitingou lókè àríwá kò ní: ẹ̀yìnkùlé wa ni ààlà Nàìjíríà. Ẹ gba Ìgólò kọjá, ẹ ti bọ́ sí Ìdírókò. Láti Kétu, Ìlárá ló kàn. Lẹ́yìn ibẹ̀, agbábọ́ọ̀lù pọ̀ bí yanrìn. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ líìgì Nàìjíríà ní 2025; Shooting Stars wà ní Ìbàdàn, Gateway wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí wọn kò fi sínú àwọn mọ́kànlá níbẹ̀ lè di òpó ẹgbẹ́ níhìn-ín. Bọ́ọ̀lù wa ti mọ ọ̀nà yìí tipẹ́: Lagos ni wọ́n ti bí Aiyegun Tosin ní 1998, Guépards ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ara ẹni náà ti gbó sí iṣẹ́. Ẹ kò ní kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró síbi kọ́nà. Òmíràn sì ni èdè. Ọmọ Abẹ́òkúta tó wá sí Àjàṣẹ́ lè má gbọ́ Faransé kóòṣì, ó lè má gbọ́ Gùn, ṣùgbọ́n tí aṣọ́lé bá kígbe pé “Ẹ̀yìn ẹ!”, kò ní dúró ronú. Ní Párákù, ó lè gba oṣù mẹ́ta kó tó mọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ. Ní Kétu, ọjọ́ kan tó.

Àmọ́ ibi tí wàhálà rẹ̀ wà náà pọ̀.

Ìwé ni àkọ́kọ́. Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí ìkọjá ránṣẹ́ sí ti Bẹ̀nẹ̀ lórí TMS, ẹ̀rọ ayélujára tí FIFA, àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé, fi ń bójú tó ìkọjá agbábọ́ọ̀lù, kó tó lè wọ aṣọ yín nínú ìdíje. Alága ń sọ pé, “A ti gbọ́ra wa yé, ìwé ń bọ̀.” Bí ìwé kò bá tíì dé, ẹni náà kò tíì dé. Tí ẹ bá sì fi í gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, pọ́ìntì tí ẹ gba lè bọ́ lọ́wọ́ yín lórí tábìlì. Ẹ tún wo àdéhùn tó wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí àdéhùn náà bá ku ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹgbẹ́ yẹn ni kí ẹ kọ̀wé sí kí ẹ tó bá agbábọ́ọ̀lù sọ ohunkóhun. Bó bá ti wọ oṣù mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ó lómìnira láti bá yín fọwọ́ sí ìwé sáà tó ń bọ̀, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá.

Èkejì ni ààlà fúnra rẹ̀. Gbogbo wa la rántí pé láti oṣù Ògún 2019 títí di oṣù Ọ̀pẹ 2020, Nàìjíríà ti ààlà orí ilẹ̀ pa. Ẹgbẹ́ tó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé èèyàn ìta kò lè sùn dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ìlera. Òfin FIFA kò gbà kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé “tó bá yege lọ́dọ̀ dókítà.” Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ẹ ti fọwọ́ sí i, orúnkún rẹ̀ ti di tiyín. Nítorí náà, dókítà ló ń ṣáájú bírò. Kí ó wo orúnkún, ọrùn ẹsẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan, kí ó sì gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Owó tí ẹ ná síbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá ohun tí ẹ ó pàdánù bí ẹni náà bá jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin.

Fídíò wá ńkọ́? Gbogbo àjẹ́ńtì ló ní fídíò.

“Kóòṣì, mo ti wò ó tán. Ọmọ yìí dára o!”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ló ti gbá bọ́ọ̀lù nù nínú fídíò yẹn?”

Kò sí níbẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò. Ẹ mú un wá sí pápá yín, kí ó gbá ìdíje gidi pẹ̀lú àwọn tó wà nílẹ̀. Kí ẹ má wò ó nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já lọ mọ́ wọn lọ́wọ́ ni kí ẹ dojú kọ ọ́. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta yẹn, ṣé ó yí ẹ̀yìn padà tó ń sáré bọ̀, àbí ó na ọwọ́ sókè tó ń bú ẹni tó fún un ní bọ́ọ̀lù burúkú? Ẹ tún wo ìṣẹ́jú 70. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú ní ìṣẹ́jú 70 lórí koríko oníke nínú oòrùn, kì í ṣe òun ló máa dí ihò tó ṣí lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ yàtọ̀. Òfin FIFA kò gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn nítorí bọ́ọ̀lù. Àyè díẹ̀ ló ṣí sílẹ̀, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì dà bíi pé tìtorí Kétu ni wọ́n ṣe kọ ọ́: bí ilé ọmọ náà kò bá ju 50 kìlómítà lọ sí ààlà, tí ẹgbẹ́ yín náà kò ju 50 lọ sí ààlà kan náà, tí ilé rẹ̀ sí ẹgbẹ́ kò sì ju 100 lọ, ó lè forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sùn, àjọ bọ́ọ̀lù méjèèjì sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọmọ Ìlárá lè wá sí Kétu. Ọmọ Ìmẹ̀kọ náà lè wá. Ọmọ Àgbádárìgì lè wá sí Àjàṣẹ́ tí ọ̀nà kò bá jìnnà jù fún un. Ọmọ Abẹ́òkúta kò lè wá, ó jìnnà sí ààlà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun kó ọmọ ọdún 16 wá láti Ìbàdàn kí ẹ fi í sí yàrá kan ní Àjàṣẹ́, ẹ lé e.

Àyálò

Èyí ni ọ̀nà tí àwọn alága wa kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí, torí kò sí ayẹyẹ nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ńlá bíi Coton FC tàbí Loto-Popo ní agbábọ́ọ̀lù ju iye tó lè gbá bọ́ọ̀lù lọ. Ọ̀dọ́ ọdún 20 tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń gbàgbé iṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ gan-an ló sì fẹ́ kó lọ gbá bọ́ọ̀lù níbìkan. Ẹ lè bá wọn ṣe é pé kí wọ́n san ìdajì owó oṣù rẹ̀. Ẹ kò ní ra ohunkóhun. Ọmọ líìgì yìí kan náà ni, ó mọ àwọn pápá, ó mọ bí àwọn rẹfirí wa ṣe ń fọn fèrè, kò sì nílò ìwé láti òkè òkun.

FIFA ti ṣe òfin fún àyálò tó ń kọjá ààlà: kò gbọ́dọ̀ ju ọdún kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ẹ yá kò sì ṣeé tún yá fún ẹlòmíràn. Fún ti abẹ́lé, ìwé òfin àjọ bọ́ọ̀lù wa ni kí ẹ kà kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ bèèrè ìbéèrè méjì péré lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ni ín. Èkínní: ìṣẹ́jú mélòó ló gbá ní sáà tó kọjá? Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, á jẹ́ pé ó ti ń jókòó sílé láìgbá bọ́ọ̀lù. Èkejì: ṣé yóò lè gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí a bá pàdé yín? Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé.

Àbùkù rẹ̀ ṣe kedere. Tó bá dára, wọn yóò gbà á padà, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo lọ́dún tó ń bọ̀. Ní ti ohun tó ń kù sílẹ̀, òun ló gbẹ̀yìn nínú gbogbo ọ̀nà yìí. Ní ti owó àti ìdánilójú fún sáà kan ṣoṣo, òun ló ṣáájú.

Ọmọ ilé

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo alága ló mọ òwe yìí, tí wọ́n bá sì pa á tán, wọ́n á wọ ọkọ̀ lọ wá ìràwọ̀.

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, mo sì mọ̀ pé kò yára. Ọmọ ọdún 17 tó dára jù lọ ní àdúgbò yín lè gbá ìdíje mẹ́rin bí ológbò, kó sì sọnù nínú márùn-ún tó tẹ̀ lé e. Ẹ má gbé ju ọmọ méjì lọ sókè ní sáà kan. Ẹ má sì kọ́kọ́ fi wọ́n sí àárín ẹ̀yìn tàbí sẹ́nu àwọ̀n, níbi tí àṣìṣe kan ti ń di gọ́ọ̀lù kan. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní ogún ìṣẹ́jú tó gbẹ̀yìn, nígbà tí ó ti rẹ ẹni tó dojú kọ wọ́n. Kí àgbà kan wà lẹ́yìn wọn tí yóò máa pariwo fún wọn. Ẹ wo kàlẹ́ńdà ilé ìwé pẹ̀lú. Oṣù Òkúdù ni BAC, ìdánwò tí wọ́n fi ń parí ilé ìwé girama, tí sáà kò bá sì tíì parí nígbà náà, ìyá ọmọ yóò wá bá yín ní pápá, kò sì ní wá rẹ́rìn-ín.

Kí ni ẹ ó jèrè? Owó oṣù rẹ̀ kéré, kò gba yàrá, ará ìlú á sì máa pe orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè gidi wà níwájú. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn nígbà tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 jẹ́ 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 16 dé 23 jẹ́ 0.5. Ká ní ọmọ kan wà lọ́dọ̀ yín ní sáà ọdún 16, 17, 18 àti 19. Ọdún mẹ́rin, 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹgbẹ́ Faransé kan bá wá tà á fún ẹgbẹ́ Jámánì kan ní mílíọ̀nù kan yúrò, 20,000 yúrò jẹ́ tiyín. Yúrò kan jẹ́ 655.957 sẹ́fà; ó lé ní mílíọ̀nù 13. Tí wọ́n bá tún tà á, ẹ tún gbà. Láti oṣù Bélú 2022, FIFA ti dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń pín owó yìí, kí ẹgbẹ́ ńlá má baà jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ rántí Stéphane Sessègnon. Requins de l'Atlantique ní Kútọnu ló ti lọ sí Créteil ní 2004. Lẹ́yìn náà, ó kọjá sí Le Mans, Paris Saint-Germain, Sunderland, West Brom. Ẹ ka iye ìgbà tí owó yí ọwọ́.

Ṣùgbọ́n orúkọ tí kò sí nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù kò gba nǹkan kan. Ibí yìí ni àwọn ẹgbẹ́ wa ti ń sọ owó nù. Ọmọ á gbá bọ́ọ̀lù fún wọn láti ọdún 13, wọn kò ní gba lísáǹsì fún un títí tó fi di 18, torí wọ́n fẹ́ fi owó lísáǹsì pamọ́. Ọdún márùn-ún ti ṣòfò. Tí ó bá tó àkókò àdéhùn, ẹ mọ̀ pé ẹni tí kò tíì pé 18 kò lè fọwọ́ sí ju ọdún mẹ́ta lọ lábẹ́ òfin FIFA. Kí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì ka ìwé náà fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́.

Àgbà tó ń padà bọ̀ wálé

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ọmọ ọdún 34 tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Faransé, Gàbọ́ọ̀nù tàbí Ṣáínà wá sílé, gbogbo ìlú ń yọ̀, pápá kún fún ìdíje mẹ́ta. Ó mọ bọ́ọ̀lù ju gbogbo àwọn tó kù lọ. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni ẹ ń sanwó fún, ara rẹ̀ sì ni yóò gbá bọ́ọ̀lù. Bí ẹ bá fẹ́ mú un, ẹyọ kan ṣoṣo, sáà kan ṣoṣo, àárín ẹ̀yìn tàbí ọwọ́ àárín níbi tí ọpọlọ ti lè ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ má mú un fún ẹ̀gbẹ́ pápá. Kí ó sì ti mọ̀ kó tó dé pé òun yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé lówùúrọ̀. Ẹni tó bá kọ ìyẹn, ìsinmi ló ń wá.

Kí ẹ má mú ẹnikẹ́ni

Òun ni kò sí alága tó fẹ́ gbọ́. Bí gọ́ọ̀lù yín bá ń ti ọwọ́ aṣọ́lé já bọ́, ẹ lè wá aṣọ́lé tuntun, ẹ sì lè wá olùkọ́ aṣọ́lé fún èyí tó wà nílẹ̀. Èkejì kò wọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú 75, ẹni tó mọ̀ nípa ara àti oúnjẹ lè ṣe ohun tí agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta kò lè ṣe.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ san owó oṣù. Abala 14bis nínú òfin FIFA sọ pé bí ẹ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù ní owó oṣù méjì, ó lè kọ̀wé sí yín, kó fún yín ní ọjọ́ 15, tí ẹ kò bá sì san án, ó lè fa ìwé àdéhùn ya, kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹni tí ẹlòmíràn ń fẹ́ ló ń lọ. Ẹgbẹ́ tó jẹ gbèsè tó tún ń ra ìràwọ̀ ń fi owó ẹni tó dára jù lọ nínú ilé ra ẹni tí kò tíì mọ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹgbẹ́ Àjàṣẹ́ tó fi díẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìjákulẹ̀ sí ìpele kejì kò ní àkókò fún ọmọdé. Kí ó lọ sí òdìkejì ààlà, kí ó mú àgbà kan ṣoṣo wá fún àárín ẹ̀yìn, ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti parí, kí ó sì yá ẹni kan sí i ní ibi tí ìwé ìṣẹ́jú bá tọ́ka sí. Kí ó gbàgbé ọwọ́ iwájú títí gọ́ọ̀lù tó ń wọlé yóò fi dínkù.

Ẹgbẹ́ tó wà ní àárín tábìlì, tí kò bẹ̀rù tí kò sì nírètí ife-ẹ̀yẹ, òun ni sáà yìí dára fún jù. Àyálò méjì, ọmọ ilé méjì, kí ẹ dẹwọ́ ná. Kò sí ẹni tó máa lé kóòṣì nítorí ipò kẹsàn-án.

Ẹgbẹ́ tó ń lé ife-ẹ̀yẹ, tó sì fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Áfíríkà, lè mú àgbà kan láti òkèèrè àti méjì láti Nàìjíríà. Owó á jáde o. Kí wọ́n ní aṣọ́lé kejì tó ṣeé fọkàn tán, torí ìdíje méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan kì í bọ̀wọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Dragons de l'Ouémé tó gba líìgì ní 2002 àti 2003 jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn àgbà Àjàṣẹ́ ṣì ń fi í ṣe òṣùwọ̀n, wọ́n á sì ní kí ẹ ra èèyàn bíi ti ìgbà náà. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì padà sídìí ìwé ìṣẹ́jú yín.

Fún ẹgbẹ́ tó bá wà ní Kétu, ọmọ ilé ni mo yàn, kí ẹ sì ka àwọn ọmọ Ìlárá àti Ìmẹ̀kọ mọ́ ọmọ ilé gẹ́gẹ́ bí òfin 50 kìlómítà ṣe gbà yín láyè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé wọn ní kùtùkùtù, torí àjọ méjì ló máa fọwọ́ sí i, ìkan á sì máa dúró de èkejì.

Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Ojú ọ̀nà Kútọnu sí Párákù ni ó wà, ẹgbẹ́ ńlá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà yín nígbà gbogbo. Àyálò ló yẹ yín jù, láti ìhà méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n bá ń kọjá, kó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú yín fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun.